Irinṣẹ́ Tí Yóò Jẹ́ Sàdáákì Rẹ

Budo Ìdí-Emi,
Ẹ̀yìn Ìlọrin.

Sìdíkátù, Àṣàkẹ́ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ pẹ̀lú ọwọ́ tó dọ̀tí àti ọkàn tó mọ́, bó ṣe yẹ kó bá mẹkáníìkì. Ara Ìyá le. Àwọn ewúrẹ́ rẹ ti bímọ. Ìyá ní kí n má kọ iye wọn, pé a kì í ka ọmọ ẹran fún ẹni tó ń bọ̀ wá mú nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Ìyá. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àpótí pupa yẹn wá. Ẹ má jẹ́ kí yìgì mi yẹ̀ nítorí sípánà." Mo fẹ́ pè ọ́ padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Lórí fóònù, ẹnu mi máa ń ṣáájú orí mi. Tí mo bá ń kọ̀wé, bírò máa ń fà mí sẹ́yìn díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sábẹ́ igi emi, tí mo ń fi ìwé ráńpẹ́ tí ilé ìwé abúlé kọ́ mi bá ọ sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kó jẹ́ Bàbá ni yóò kọ irú lẹ́tà yìí. Kò sí irun funfun kan lórí mi, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, èmi ni mo wà ní ipò rẹ̀. Èmi ni mo mú ọ lọ bá ọ̀gá rẹ ní Ọ̀fà Garage pé kó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọkọ̀, nígbà tí gbogbo abúlé ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Èmi náà ni Ààfáà yóò kọjú sí lọ́jọ́ yìgì, tí yóò bi mí pé, "Ṣé ẹ gba sàdáákì yìí fún ọmọ yín?" Tí mo bá sọ pé mo gbà, ó ti parí. Ẹ̀rù ń bà ọ́ pé mo lè dákẹ́. Mo mọ̀.

Ìwọ lo kúkú dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń gba wúrà. Nígbà tí Ràṣídì tó fẹ́ fẹ́ ọ bi ọ́ pé kí ni o fẹ́ kí òun fún ọ ní sàdáákì, o ní irinṣẹ́ ni, nítorí pé o ti gba fírídọ̀mù, o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, sàdáákì sì ni ohun tí ẹnikẹ́ni nílé ọkọ kò lè nawọ́ sí láìtọrọ lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ tí mo gbọ́, mo dá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìlọta tí mo ń tún ṣe, títí ẹni tó ni ín fi bi mí bóyá ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Inú mi dùn. Ó ṣì dùn di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Rántí ìyẹn nígbà tí o bá ń ka ibi tí mo ti le.

Jẹ́ kí n sọ bí ọjà náà ṣe lọ gan-an, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ọ.

Èmi, Ràṣídì àti Àlájì, àbúrò bàbá rẹ̀, la jọ lọ sí Táíwò Road. Àlájì ti wọ agbádá bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni yìgì. Ọlọ́jà gbé àpótí pupa ńlá sórí káńtà, ó ṣí i, gbogbo irin inú rẹ̀ ń dán yinrinyinrin.

"Àlájì, ẹ wò ó," ni ọlọ́jà wí. "Láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, kò sí èyí tí kò sí. Jámánì ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo ní, "Ta ló kọ ọ́?"

"Àwọn tó ṣe é ni."

"Èmi náà lè kọ Mẹ́kà sára ewúrẹ́ mi. Ìyẹn ò ní kó di àlájì."

Ràṣídì bú sẹ́rìn-ín. Àlájì wò ó, Ràṣídì sì yára pa ẹnu dé. Mo yọ bóòtù kan jáde lápò mi, nọ́ńbà fọ́tíìnì ni, ara ẹ̀rọ ìlọta Bàbá ni mo ti tú u. Mo mú sípánà fọ́tíìnì nínú àpótí pupa, mo fi sí i lórí. Ó ń mì bí eyín arúgbó.

Ọlọ́jà ní, "Bóòtù yín ló ti jẹ."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé èyí tí ẹ fi pamọ́ wá."

Ó wò mí, ó wo Àlájì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà. Ó gbé àwọn kan jáde tó wà nínú bébà tí epo ti rin. Wọn ò pọ̀. Wọn ò dán. Mo fi fọ́tíìnì inú wọn sórí bóòtù, ó dì í mú pinpin. Mo ní àwọn wọ̀nyí ni.

"Àwọn wọ̀nyí kẹ̀?" ni Àlájì wí. "Èyí tó wà nínú bébà bí àkàrà? Òun ni kí n gbé kalẹ̀ níwájú Ààfáà àti gbogbo àdúgbò? Jímọ̀, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní ilé wa ò lówó ni?"

"Ẹ má bínú, Àlájì. Àbúrò mi ò ní fi ojú àwọn ará àdúgbò tú nọ́ọ̀tì."

"Ọmọ yìí le!" Ó gbé agbádá sí èjìká, ó jáde. A ò ra nǹkan kan. Òun ló dé etí rẹ, òun ló mú ọ fi ohùn yẹn ránṣẹ́.

Ó dáa. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa irin fún ọ. Ọ̀gá rẹ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó. Bí a ṣe ń rà á ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í kọ́ni, nítorí tiwọn ni ọmọṣẹ́ ń lò.

Àkọ́kọ́, má jẹ́ kí dídán rà ọ́. O rántí ọdún tí iṣu wa ta dáadáa, tí mo lọ ra odindi sẹ́ẹ̀tì kan ní Challenge? Mo gbé e wálé bí ẹni gbé ìyàwó wálé. Mi ò jẹ́ kí ìwọ fọwọ́ kàn án. Ọ̀kadà tíṣà ilé ìwé wa ni mo fi kọ́kọ́ dán an wò. Mo fi sípánà sórí nọ́ọ̀tì, mo tẹ̀ ẹ́, ẹnu sípánà là bí ẹni tó ń yán, orí nọ́ọ̀tì sì di róbótó. Tíṣà fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Kò bú mi. Ó kàn máa ń kí mi lójoojúmọ́ pé, "Jímọ̀, ẹ kú ìmọ́lẹ̀ o," nítorí sẹ́ẹ̀tì mi tó ń dán. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tó pa òwe yẹn kò ra àáké rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwọ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ẹnu ni sípánà fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ara. Oníbàárà tí o bá sọ nọ́ọ̀tì rẹ̀ di róbótó kò ní sọ pé sípánà ni. Yóò ní ṣé òun ò sọ, pé obìnrin ni.

Èkejì, máàkì, àmì ẹni tó ṣe irin. Bí o ṣe mọ̀, irin tí Bàbá lò láyé rẹ̀, àwòrán àwòdì ló wà lára rẹ̀, òun ni gbogbo wa ń pè ní Aláwòdì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn, mo búra pé mi ò ní ra irin míì mọ́ láyé mi àfi Aláwòdì. Sípánà Aláwòdì, pláyà Aláwòdì, hámà Aláwòdì. Tí wọ́n bá ya àwòdì sára kóbókò, mo lè rà á. Kò pẹ́ tí ayédèrú fi dé ọwọ́ mi. Àwòdì wà lára rẹ̀, ó tún sanra ju ti Bàbá lọ. Mo fi petiróòlù nù ún, àwòdì fò lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wò bí àmì ṣe dé ara irin. Ti ojúlówó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ inú irin ni. Fi èékánná rẹ wá a, wàá bá a. Ti ayédèrú sábà máa ń wà lójú ara bí àtíkè. Wo inú ẹnu sípánà pẹ̀lú. Tí inú rẹ̀ bá rí ṣákiṣàki, tí òde rẹ̀ ń dán, ẹni tó ṣe é mọ ibi tí ojú rẹ máa kọ́kọ́ lọ. Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó ní igun mẹ́fà nínú ni kí o mú fún nọ́ọ̀tì tó ti pẹ́. Èyí tó ní igun méjìlá máa ń yára wọlé, ó sì máa ń yára yọ̀.

Ojúlówó gan-an kì í mọ gbogbo nǹkan ṣe. Àwọn Aláwòdì yẹn mọ sípánà ṣe. Pláyà wọn, eyín rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó jẹ. Èyí tí mo ń lò báyìí, tòkunbọ̀ kan ni, mo rà á lórí àpò tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, mi ò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó sì ń gé wáyà bí ẹni gé ewédú. Nítorí náà, sípánà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ sípánà, súkúdiráfà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ súkúdiráfà. Má fẹ́ máàkì. Ràṣídì lo fẹ́ fẹ́, òun nìkan tó.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà.

O mọ sípánà wíwọ́ tó wà lára ògiri lókè ẹnu ọ̀nà wa. O máa ń bi mí nípa rẹ̀ nígbà tí o kéré, mo máa ń sọ pé Bàbá fi ń lé olè. Irọ́ ni. Aláwòdì ni, fọ́tíìnì Bàbá gan-an. Ó lọ sóko lọ́jọ́ kan, ó ní kí n tú ẹ̀rọ ìlọta. Bóòtù kan fara pamọ́ sẹ́yìn wíìlì, sípánà tó gún ò lè dé ibẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo gbé sípánà lọ bá alágbẹ̀dẹ. Ó tì í bọ iná, ó pọ́n bí ata, ó tẹ̀ ẹ́ fún mi, a fi í sínú eérú kó tutù. Mo padà wálé, ó dé ìdí bóòtù. Mo tú u. Mo ń kọrin. Nígbà tí Bàbá dé, ó mú un, ó fi sórí bóòtù míì, ó tẹ̀ ẹ́. Sípánà náà, tí iná ti sọ di rírọ̀, tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo ti ń wá ọ̀nà sá lọ. Kò nà mí. Ó ní, "Jímọ̀, ẹni tó ṣe irin yìí kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ kó tó jẹ́ kó jáde nílé. O ti mú kí irin gbàgbé ohun tó kọ́." Ó wá fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri, ó sì ní kí n lọ jẹun.

Nítorí náà, Àṣàkẹ́, gbogbo mẹkáníìkì ló máa ń gé irin, tó ń tẹ irin, kí ọwọ́ lè dé ibi kọ́lọ́fín. Ìwọ náà máa ṣe é. Má fi ojúlówó ṣe é. Ra gbàrọgùdù kan pamọ́ fún iná, fún gígé, àti fún aládùúgbò tó ń yá nǹkan tí kì í dá a padà. Níbi tí mo dé yìí, bírò fà mí sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ pé kò sí ohun tó wúlò nínú àpótí pupa Àlájì. Irọ́ ni ìyẹn náà yóò jẹ́. Hámà inú rẹ̀ dáa. Wíìlì sípánà rẹ̀ dáa. Ohun tí a fi ń gbá nǹkan, tí a kì í fi di nǹkan mú, kò pọn dandan kó wá láti ilé ọba.

Ó ku ọ̀kan. Èmi kọ́ ni mo ni ín.

Nígbà tí mo ti Táíwò Road dé, mo jókòó ti Ìyá, mo ń ròyìn. Mo ṣe ohùn ọlọ́jà, mo ṣe ohùn Àlájì, mo ṣe tèmi lọ́nà tó dùn jù. Ìyá ń pa ẹ̀pà, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ẹ sì di sípánà mú wò?"

"A dì í mú dáadáa."

"Ọwọ́ Sìdíkátù ńkọ́?"

Mo ní a kì í mú ìyàwó dání lọ ra sàdáákì rẹ̀, pé wọ́n ní ojú kòkòrò ni. Ìyá ju èèpo ẹ̀pà sílẹ̀.

"Tó bá jẹ́ wúrà ni, ọrùn kì í ṣiṣẹ́," ló wí. "Àmọ́ ọwọ́ ọmọ mi ò tó ìdajì ọwọ́ rẹ. Ìwọ ń bá Àlájì jà lórí irin tó máa wúwo mọ́ ẹlòmíì lọ́wọ́. Jímọ̀, ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ fẹ́ ni?"

Mo bá a pa ẹ̀pà tó kù. O mọ̀ pé kò wọ́pọ̀.

Òdodo ni. Àwọn irin inú bébà tí mo yàn, mo yàn wọ́n nítorí pé wọ́n kún ọwọ́ mi. Ráṣẹ́ẹ̀tì inú wọn, tí à ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí lórí, gùn bí apá mi. Tí o bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, tí o na ọwọ́ sókè, ṣé kò ní rẹ̀ ọ́ kí nọ́ọ̀tì tó yí? Mi ò mọ̀. Àlájì ò mọ̀. Ràṣídì ò mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló ti di ọwọ́ rẹ mú láìpẹ́ yìí, mi ò sì bi í léèrè nítorí mi ò tíì fẹ́ gbọ́ èsì.

Ohun tí màá ṣe nìyí. Lọ́la, màá lọ sílé Àlájì. Màá dọ̀bálẹ̀, màá tọrọ àforíjì fún ẹnu mi. Mi ò ní tọrọ àforíjì fún bóòtù mi. Màá sọ fún un pé kí Ràṣídì padà mú ọ lọ sí ọjà yẹn, kí ìyá Ràṣídì tẹ̀ lé yín kí ẹnu ayé lè gbà á. Tó bá ní kò sí nínú àṣà, màá bi í bóyá irinṣẹ́ wà nínú àṣà. A ti yà bàrá tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká rìn ín délé.

Tí ẹ bá dé ibẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí o máa lò lójoojúmọ́: tẹ́ẹ̀nì, túwẹ́ẹ̀fù, fọ́tíìnì, sẹ́fintíìnì. Mú ojúlówó nínú àwọn yẹn. Gbé e sókè bí ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀, kí o sì gbé e dúró títí apá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ sọ̀rọ̀. Kí ọlọ́jà máa wò ọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kí o máa rà á bí iṣẹ́ bá ṣe ń pè é. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣọ́ọ̀bù tó kún lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdajì rẹ̀ yóò dípẹtà láìtíì rí nọ́ọ̀tì sójú.

Mo mọ̀ pé Ràṣídì ti dábàá kan fún ọ, ó dá a fún èmi náà nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà. Ó ní ká ra àpótí pupa lófìfo, ká kó ìwọ̀nba ojúlówó sínú rẹ̀, ta ni yóò ṣí i? Mo rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́. Sàdáákì kì í ṣe ohun tí a ń fi ìdérí bò. Kí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí wọ́n tò wọ́n sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Ààfáà dárúkọ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kú ní Ọ̀fà Garage, yóò wá ọ wá.

Tí ó bá sì jẹ́ pé àpótí pupa náà ni ọwọ́ rẹ mú lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, mú un. Màá fajú ro dé ìdí yìgì, gbogbo èèyàn yóò rò pé ẹkún ìyàwó ni mo ń sun. Ṣùgbọ́n tí Ààfáà bá kọjú sí mi, màá sọ pé mo gbà, sókè, kí Àlájì lè gbọ́ ọ. Mi ò ní jẹ́ kí yìgì rẹ yẹ̀ nítorí sípánà. Alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ ọ́n jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Mo ti bí ọ débi tí ẹ̀gbọ́n lè bímọ dé.

Ìyá kí ọ. Ó ní kí o jẹun.

Ohun tó wúwo nínú àpòòwé yìí, má rò pé owó ni. Bóòtù ẹ̀rọ ìlọta Bàbá ni, fọ́tíìnì. Mo ti fi okùn so ibi tí mo ti tú u, kí ẹ̀rọ má bàa túká, Ìyá ò sì ní lọ ata títí o fi máa dá a padà. Gbogbo sípánà tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ, fi bóòtù yìí sí i lẹ́nu. Tí ó bá mì, gbé e kalẹ̀. Tí ó bá dì í mú pinpin, tí kò sì wúwo mọ́ ọ lọ́wọ́, Bàbá ti gbà á. Tèmi ò ju kí n tún un sọ fún Ààfáà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà, àfi tí Ìyá bá bá a yí i,

Jímọ̀